Igi wo ló wà lábẹ́ ọ̀dà dúdú yìí? Gìtá básì tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi sílẹ̀

Àkànní_Onígìtá (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ṣe nǹkan tí mi ò ní lè tún ṣe mọ́.

Gìtá básì kan wà lọ́wọ́ mi tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun ni wọ́n ń ta nínú ẹgbẹ́ jùjú kan láti nǹkan bí ọdún 1976 títí wọ 1980 ó lé díẹ̀. Nígbà tí wọ́n papòdà lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ wọn ní kí n máa gbé e lọ, torí èmi nìkan ni mò ń ta básì nínú ẹbí. Okùn mẹ́rin ló ní, píkọ̀ọ̀pù (ohun tó ń gba ohùn okùn sínú wáyà) kan tó pín sí méjì, bọ́tìnì méjì. Kò sí orúkọ kankan lórí rẹ̀. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun mọ́tò ni wọ́n fi kùn ún látorí dé ìdí, títí kan irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ibi tí ọrùn ti pàdé ara.

Ó wúwo. Bí mo bá gbé e kọ́rùn fún wákàtí méjì ní ìsìn, èjìká mi á máa ta mí. Mo gbé e lé ìwọ̀n obìnrin tó ń ta ẹja dídì ládùúgbò wa, ó jẹ́ kìlógíráàmù 4.6.

Ọkùnrin kan tó ń ra ohun èlò orin àtijọ́ wá wò ó. Ó ní bí igi rẹ̀ bá jẹ́ ash, igi òyìnbó kan, a jẹ́ pé gìtá ilé iṣẹ́ Fender ti Amẹ́ríkà ni, òun á san owó gidi. Bí kò bá jẹ́ ash, owó tí wọ́n ń san fún gìtá Ṣáínà lòun á san. Ó wá ní kí n fi sáńpépà ha ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ kí òun lè rí igi náà.

Ṣé kí n ha á? Àbí ọ̀nà mìíràn wà tí èèyàn fi lè mọ̀ ọ́n?

Túnde_Alátùn-únṣe (London)

Àbúrò, má ha á. Jọ̀ọ́. Ọdún 17 ni mo ti ń tún gìtá ṣe níbí, àwọn tí mo rí tí iye wọn já wálẹ̀ jù, sáńpépà ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ kùn ún ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà mọ́tò yẹn. Bí o bá ti ha á kan igi, ó parí.

Kò sí gìtá tí ọ̀dà bo gbogbo igi rẹ̀. Tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, má kàn gé e, kí o wá yọ síkúrù tó de ọrùn mọ́ ara. Ojú kòtò onígun mẹ́rin tí ọrùn jókòó sí, ọ̀dà kì í sábà débẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, yọ ike pẹrẹsẹ iwájú, kí o wo inú kòtò píkọ̀ọ̀pù àti kòtò bọ́tìnì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ńkọ́, níbi tí ìkọ́ bẹ́lítì wà? Yọ síkúrù ìkọ́ yẹn, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀. Ẹnu igi lo máa rí níbẹ̀, ìyẹn ibi tí ayùn ti gé e ní ìbú, ibẹ̀ ni igi ti ń sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀. Ojúmọmọ ni kí o fi wò ó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Iná gílóòbù pupa máa ń sọ gbogbo igi di pupa.

Ohun tí o máa wá nìyí. Igi ash ní ihò wínníwínní tó tò lẹ́sẹẹsẹ bí èèrà tó ń lọ sóko, ìlà kan fún ọdún kan tí igi náà fi dàgbà, ojú sì lè rí wọn láìlo dígí. Alder kò ní ihò tí ojú lásán lè rí. Ara rẹ̀ ń dán, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì oníwàrà tó ní pupa díẹ̀ nínú. Mahogany ní ihò tó hàn dáadáa, àmọ́ ṣe ni wọ́n fọ́n káàkiri, bí ẹni fi pẹ́ńsù fa ìlà kéékèèké sára igi pupa rẹ́súrẹ́sú. Basswood funfun bí ọ̀rá, kò ní ìlà tó hàn, èékánná á sì wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà yẹn sọ pé Fender ni ash, ash ni Fender, kò rí bẹ́ẹ̀. Ash ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí básì wọn tí wọ́n ń pè ní Precision Bass jáde ní 1951. Ní nǹkan bí 1956 ni wọ́n bọ́ sórí alder fún èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì fi ash sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n fẹ́ kun ọ̀dà funfun tí igi ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni ash tún pọ̀ padà, torí pé àwọn èèyàn fẹ́ràn kí wọ́n máa rí ìlà igi. Ọ̀pọ̀ Fender olówó gọbọi, alder ni.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà (Ìbàdàn)

Ẹ kú ìjíròrò. Mi ò mọ gìtá, àmọ́ mo mọ igi. Ọdún 31 rèé tí mo ti wà nídìí pákó ní Bódìjà.

Èmi ò rò pé igi òyìnbó ni. Nígbà yẹn, bí ara gìtá bá fọ́, ọ̀dọ̀ wa ni àwọn olórin máa ń gbé e wá. Mo bá ọ̀kan gbẹ́ tiẹ̀ tuntun ní 1998, afárá la fi ṣe é, a kùn ún dúdú, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Èyí tó wúwo tó báyìí lè jẹ́ ìrókò. Fi ìka kàn án kọ́kọ́kọ́ kí o gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìrókò máa ń dún wọnú, afárá máa ń dún fẹ́lẹ́. Àwọn òyìnbó ò kúkú mọ afárá.

Bùnmi_Básì (Chicago)

Jazz Bass, irú básì Fender mìíràn, ti ọdún 1977 ni mò ń ta, igi rẹ̀ ò ní ọ̀dà rárá, ìlà ash hàn gbangba lára rẹ̀, ó sì wọn kìlógíráàmù 4.9. Àwọn ash ìgbà yẹn wúwo bí òkúta. Pẹ̀lú 4.6 yẹn, Àkànní, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ sọ̀yà pé ash ni. Má tà á fún ọkùnrin yẹn o.

Túnde_Alátùn-únṣe (London)

Ẹ̀gbọ́n Gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ má bínú, àwọn òyìnbó mọ afárá dáadáa. Orúkọ ló yàtọ̀. Ní 1958, Gibson, ilé iṣẹ́ gìtá Amẹ́ríkà mìíràn, fi igi kan tí wọ́n ń pè ní korina ṣe gìtá Flying V àti Explorer. Korina yẹn, limba ni. Limba, afárá funfun wa yìí náà ni, tó ń hù láti Sierra Leone lọ títí dé Congo. Gìtá olókùn mẹ́fà ni wọ́n, kì í ṣe básì, díẹ̀ ni wọ́n sì ṣe lọ́dún yẹn, ìdí nìyẹn tí èyí tó bá jẹ́ ojúlówó fi ń gba owó tó lè kọ́lé. Tí ẹ bá gbẹ́ afárá, iṣẹ́ àgbà lẹ ṣe.

Ṣùgbọ́n kíkàn-án kọ́kọ́kọ́ ò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Igi tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò sí lára, tí wọ́n de irin àti ike mọ́, tí ọ̀dà bò ní ìlọ́po méjì, ohùn gbogbo wọn pa pọ̀ lẹ ń gbọ́.

Bùnmi, mo mọ̀ pé inúure lo fi sọ ọ́, àmọ́ ìwọ̀n nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Bí wọ́n bá gbẹ pákó dáadáa, mítà kúbíìkì kan alder máa ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 450, ash funfun nǹkan bíi 670, basswood nǹkan bíi 415. Nínú ìwé, ó jìnnà síra. Wá wo ash inú àbàtà, èyí tí wọ́n ń gé nísàlẹ̀ igi tó dúró sínú omi ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà: ó fúyẹ́ débi pé ó lè má ju alder lọ. Mo ti gbé Precision alder tó wúwo ju ash lọ. Irin tí wọ́n fi ń yí okùn àti irin ìdí okùn nìkan lè fi bí ìdajì kìlógíráàmù kún un. Ìwọ̀n lè jẹ́ kí a fura, kò lè dájọ́.

Fẹ́mi_Wáyà (Lagos)

Ẹ̀yin ẹ máa wo igi, èmi á wo iná. Bí o bá yọ ike iwájú, wo ẹ̀yìn bọ́tìnì fólúùmù. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà sára rẹ̀. Tí o bá rí 137, ilé iṣẹ́ CTS ló ṣe é. Tó bá jẹ́ 304, ilé iṣẹ́ Stackpole ni. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ọdún àti ọ̀sẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, 1377422: CTS, ọdún 1974, ọ̀sẹ̀ 22. Gìtá náà kò lè dàgbà ju ọjọ́ yẹn lọ, àfi tí wọ́n bá ti pààrọ̀ bọ́tìnì.

Síkúrù mélòó ló de ọrùn rẹ̀? Tó bá jẹ́ mẹ́rin, a jẹ́ pé kì í ṣe Fender ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ń ta á. Mẹ́ta ni wọ́n ń lò nígbà yẹn.

Bùnmi_Básì (Chicago)

Fẹ́mi, Jazz Bass ni wọ́n sọ di síkúrù mẹ́ta láti bí 1975. Tèmi náà mẹ́ta ló ní. Precision ò kúrò lórí mẹ́rin rárá. Píkọ̀ọ̀pù kan tó pín sí méjì tí Àkànní sọ, bíi ti Precision ni, torí náà mẹ́rin ò ba nǹkan kan jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Túnde, mo gbọ́ ti ìwọ̀n. Mo gbà.

Fẹ́mi_Wáyà (Lagos)

O ṣeun, Bùnmi. Mo ti kọ́ èyí.

Àkànní_Onígìtá (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tú u láàárọ̀ yìí, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kí síkúrù má baà sọnù.

Síkúrù mẹ́rin ni. Ẹ̀yìn bọ́tìnì ò ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 137 tàbí 304. Ọ̀kan ti wà níbẹ̀ tipẹ́, èkejì ni wọ́n ti pààrọ̀, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o mọ́ wáyà ṣì ń dán. Nínú kòtò bọ́tìnì, ọ̀dà dúdú fọ́n bí ìrì sórí ọ̀dà mìíràn tó jẹ́ àwọ̀ oyin lápá kan, tó sì ń ṣú lọ sí àwọ̀ kòkó lápá kejì. Ẹ̀gbọ́n Túnde, ẹ ti sọ ọ́ pé ọ̀dà ilé iṣẹ́ lè ṣì wà nísàlẹ̀!

Ojú kòtò ọrùn ló dùn mọ́ mi jù. Igi lásán ni. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì bàbà, ìlà rẹ̀ nípọn, mo sì rí àwọn ihò yẹn lójúkojú, tí wọ́n tò bí èèrà bí ẹ ṣe wí. Mo ti gbé fọ́tò rẹ̀ síbí. Ash ni, àbí?

Bùnmi_Básì (Chicago)

Àkànní!!! Mo ti sọ fún ọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà (Ìbàdàn)

Mo wo fọ́tò náà dáadáa lórí fóònù ọmọ mi. Mo fà sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ìrókò. Ihò ìrókò kì í tò báyìí. Afárá náà kọ́.

Túnde_Alátùn-únṣe (London)

Fọ́tò yẹn dára. Ó dájú pé kì í ṣe alder, kì í ṣe basswood, kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Igi ilẹ̀ olótùútù ló máa ń ní ihò tó tò báyìí, torí ó máa ń sùn nígbà òtútù, tí ìgbóná bá dé ni á la ihò ńlá láti fa omi. Igi ibi tí kò sí yìnyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà (Ìbàdàn)

Àbúrò mi Túnde, ẹ jẹ́ kí n tún ti yín ṣe díẹ̀. Tíìkì ń kọ́? Tíìkì tí wọ́n gbìn sí Olókemèjì, bí ẹ bá gé e, ihò rẹ̀ tò yípo yípo. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ṣe tiẹ̀, torí pé ó máa ń wọ́wé. Kì í ṣe yìnyín nìkan. Èmi ò sọ pé tíìkì lèyí o, tíìkì lọ́ràá lára, òórùn rẹ̀ sì dà bí awọ tuntun. Àkànní, fá a díẹ̀ nínú kòtò kí o gbóòórùn rẹ̀.

Túnde_Alátùn-únṣe (London)

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Mo sọ ọ́ láṣejù. Ẹ ṣeun.

ÌyáÌbejì_Olórin (Houston)

Ẹ dákun, ẹ má tíì jó. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Mo ra básì kan ní 2011 lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra pé ash ni. Ìlà igi hàn, ihò tò, gbogbo nǹkan tí ẹ̀ ń sọ yìí ló wà níbẹ̀. Mo san owó ash. Ìgbà tí mo gbé e lọ tún ṣe ni àgbàlagbà kan yọ ọrùn rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé Japan ló ti wá, pé sen ni igi rẹ̀. Igi kan ni wọ́n ń gé níbẹ̀ tó jọ ash bí ìbejì ṣe ń jọra wọn. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ Japan ń ṣe gìtá tó jọ ti Amẹ́ríkà láàárín 1970 sí 1979, sen ni wọ́n máa ń lò níbi tí Fender bá ti lo ash. Kì í ṣe igi burúkú o, mo ṣì ń ta á, ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n fi orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀ tà á fún mi.

Àkànní, bọ́tìnì tí kò ní nọ́ńbà yẹn ń kọ mí lóminú. O ní wọ́n kun irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn náà. Àwọn Fender ìgbà yẹn ní nọ́ńbà tàbí àmì F ńlá lára irin yẹn, kí wọ́n tó gbé nọ́ńbà lọ sórí gìtá ní bí 1976. Kí ló wà lára tìrẹ? O ti yọ ọ́ kúrò lára igi báyìí. Rẹ òwú sínú tínà kí o fi nu irin náà. Irin nìkan o! Bí tínà bá kan igi, á jẹ ọ̀dà ìsàlẹ̀ yẹn.

Túnde_Alátùn-únṣe (London)

Ọ̀rọ̀ àgbà ni Màmá sọ yìí, èmi gan-an ló yẹ kí n ti mẹ́nu kàn án. Láti ojú igi, tí wọ́n ti là á ní òòró, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun fi fọ́tò dá ash mọ̀ yàtọ̀ sí sen, àbá ló ń dá.

Ẹnu igi nìkan ló lè yà wọ́n. Àkànní, wá abẹ́ tuntun, irú èyí tí wọ́n fi ń fárí, kí o gé ẹnu igi kan tó fẹ̀ bí èékánná ọmọdé nínú ògiri kòtò bọ́tìnì, níbi tí ike iwájú á tún bò. Apá tó kọjú sí ọrùn tàbí apá tó kọjú sí ìdí ni kí o gé, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Gé e lẹ́ẹ̀kan, kó dán. Bí abẹ́ bá kú, ṣe ni á fọ́ ihò pa, o ò ní rí nǹkan kan. Fi itọ́ díẹ̀ sí i, kí o fi dígí amúǹkan-tóbi wò ó. Ihò ńlá ash máa ń tò ní ìlà méjì, mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin fún ọdún kan, ihò kéékèèké tó tẹ̀ lé wọn á fọ́n ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti sen, ìlà ihò ńlá kan ṣoṣo ló sábà ń ní, àwọn kéékèèké tó tẹ̀ lé e á sì so mọ́ra bí ìgbì omi.

Fẹ́mi_Wáyà (Lagos)

Abẹ́ tuntun náà o. Ẹ máa rọra, Àkànní. Ìka tó ń ta básì ni.

Àkànní_Onígìtá (Ìbàdàn)

Mo ní láti dúró di ọjọ́ Sátidé kí ìmọ́lẹ̀ tó dáa.

Irin ni mo kọ́kọ́ nù. Ọ̀dà náà ò fẹ́ bọ́, ó tó òwú mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan yọ, J, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ìyókù tó yọ. MADE IN JAPAN ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lára. Kò sí nọ́ńbà, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́.

Mo wá gé inú kòtò bí ẹ̀gbọ́n Túnde ṣe kọ́ mi. Mo ń wá ìlà ihò kan tàbí méjì, nǹkan mìíràn ni mo bá. Lókè pátápátá, láti abẹ́ ike, igi aláwọ̀ ògì yẹn wà níbẹ̀, àmọ́ kò nípọn ju owó kọ́bọ̀ méjì tí a gbé léra. Lábẹ́ rẹ̀, igi mìíràn ni, ó pupa, ó ṣe ráuràu. Lábẹ́ ìyẹn, òmíràn tí ìlà rẹ̀ gba ìbú, ẹ̀yí tó tẹ̀ lé e tún gba òòró. Mo kà wọ́n dé márùn-ún kí ìsàlẹ̀ kòtò tó dé. Gọ́ọ̀mù tó wà láàárín wọn dúdú bí ìlà bírò.

Mo jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mi ò lè purọ́, ó dùn mí.

Túnde_Alátùn-únṣe (London)

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ojú kòtò ọrùn tó o kọ́kọ́ rí, ó ní láti jẹ́ pé orí pákó mìíràn tó jọ ti òkè ni wọ́n gbẹ́ ẹ dé, òun ló fi tàn wá. Èmi náà bọ́ sínú rẹ̀.

Plywood ni, tí wọ́n fi sen tàbí igi tó jọ ọ́ bò lókè. Èyí tó pupa tó sì ṣe ráuràu láàárín, lauan ló jọ jù. Gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni wọ́n ti ń gbé e wá. Wọ́n ń pè é ní mahogany ti Philippines lọ́jà, kì í sì í ṣe mahogany. Àwọn ilé iṣẹ́ Japan lò ó gan-an nígbà yẹn. Gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà méjì wà lára ohun tó jẹ́ kó wúwo.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn, sáńpépà kankan ò sì kàn án.

Bùnmi_Básì (Chicago)

Mo tọrọ àforíjì, Àkànní. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo ash. Ohùn plywood kú díẹ̀, mi ò fẹ́ tàn ọ́, àmọ́ okùn tuntun á ràn án lọ́wọ́.

ÌyáÌbejì_Olórin (Houston)

Bùnmi, èmi ò gbà pé ó kú. Nínú básì tí iná ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, píkọ̀ọ̀pù, okùn, àti ìka ẹni tó ń ta á ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Àwọn tó ta irú básì Japan yìí nínú jùjú àti fújì, ta ló gbọ́ pé ohùn wọn kú? Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi jẹun fún ọdún gbọọrọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà (Ìbàdàn)

Àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ plywood bí ẹni pé ìdọ̀tí ni. Pákó tí wọ́n gbé léra ní òòró àti ìbú, tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ dáa, ọyẹ́ kì í ká a. Pákó odidi ni ọyẹ́ máa ń là. Ẹ wo nǹkan tó ti wà ní Ìbàdàn fún nǹkan bí ọdún 45, nínú ọyẹ́, nínú òjò, lẹ́yìn mọ́tò ẹgbẹ́ olórin. Ṣé ó ti là níbì kan, Àkànní?

Àkànní_Onígìtá (Ìbàdàn)

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ibi tó ti là. Kódà ọrùn rẹ̀ tọ́ bí rúlà.

Ọkùnrin yẹn pè mí lánàá, mo sọ ohun tí mo bá níbẹ̀ fún un, ó sì dárúkọ owó kan. Mo ní kó máa lọ. Mi ò tà á. Ọ̀dà dúdú yẹn náà á wà níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ fún mi pé òpin ọ̀sẹ̀ kan ní 1981 ni wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó ń kun mọ́tò, kí gìtá gbogbo ẹgbẹ́ náà lè jẹ́ àwọ̀ kan.

Ìbéèrè kan péré ló kù. Mo fẹ́ dá ọrùn padà, àmọ́ méjì nínú ihò síkúrù mẹ́rin yẹn ti fẹ́ jù, síkúrù ń yí lófo. Ṣé kí n wá síkúrù tó nípọn jù ú lọ?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà (Ìbàdàn)

Rárá o, má ṣe é. Síkúrù tó nípọn á la igi ọrùn. Wá igi tín-ín-rín tó le, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ehín, fi gọ́ọ̀mù pákó funfun pa á, kì í ṣe súpá gúlúù. Tẹ̀ ẹ́ sínú ihò ọrùn títí ó fi kún, gé e kó bá ojú igi dọ́gba, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, lu ihò tín-ín-rín sí àárín rẹ̀ kí o tó fi síkúrù àtijọ́ sí i.

Túnde_Alátùn-únṣe (London)

Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ gan-an ni. Fún méjì tó kù tí ihò wọn ṣì dáa, fi síkúrù sínú ihò, kí o kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn, bí ẹni ń tú u, títí o fi gbọ́ tó jábọ́ díẹ̀ sínú ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́. Ìgbà yẹn ni kí o wá yí i síwájú. Ọwọ́ nìkan ni kí o lò, má fi ẹ̀rọ yí i. Fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀ ní ìgun sí ìgun, kí ọrùn lè jókòó dọ́gba.